Ṣé kápúsù antioxidant lè dá ìgbàgbé Màmá dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Màmá wa ti lé ní 70 ọdún. Wọ́n lè bi wá ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ kan. Mọ́mì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọpọlọ wọn ló ń dípẹtà, pé fítámìn E àti kápúsù antioxidant tí àwọn ń tà yóò ha ìpẹtà náà kúrò. Owó rẹ̀ kò kéré. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Ọ̀rọ̀ ìpẹtà yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá o. Ibi tí wọ́n ti fò láti orí rẹ̀ lọ sórí kápúsù ni mi ò ti bá wọn lọ.

Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, àmọ́ ó ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ọ́síjìn tí ara ń lò. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń fi ọ́síjìn yìí ṣe agbára ni àwọn èròjà oníjàgídíjàgan kan ń jáde, tí wọ́n ń ba ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́; ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìpẹtà. Ọ̀rá sì pọ̀ nínú ọpọlọ. Ara ní ohun tó fi ń ká wọn lọ́wọ́ kò, òun ni wọ́n ń pè ní antioxidant, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń gorí ọjọ́ orí, apá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ká wọn mọ́. Nínú ọpọlọ ẹni tó ní Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń fa ìgbàgbé, ìbàjẹ́ yìí máa ń pọ̀ ju ti àgbà tí kò ní in lọ, ó sì ń bá amyloid, purotéènì tó ń dì jọ níbẹ̀, ran ara wọn lọ́wọ́.

Ṣé fítámìn E wá lè dá a dúró? Wọ́n ti dán an wò. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2005 fún àwọn tí ìrántí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dín kù ní yúníìtì 2,000 lójúmọ́ fún ọdún 3. Kò dènà Alzheimer. Lọ́dún 2014, àwọn ológun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìntì, tí àrùn náà ti mú, lo iye kan náà. Agbára wọn láti wẹ̀ àti láti wọṣọ fúnra wọn kò tètè lọ, àmọ́ ìrántí wọn kò sàn jù. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá lò: ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ya, pàápàá lára ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Nílùú Ìbàdàn, ní Ìdíkàn, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 rí i pé ìdá 1.15 nínú 100 àwọn àgbà tó ti tó 65 ni Alzheimer ń mú lọ́dọọdún. Láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà, 2.52 ni. Oúnjẹ àti àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fura sí pé ó fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí Màmá máa jẹ ẹ̀fọ́ wọn lọ.

Ẹ gbé owó kápúsù yẹn lọ sílé ìwòsàn. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, thyroid (ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn) àti fítámìn B12; àìtó B12 tàbí thyroid tó ń lọ́ra lè fa ìgbàgbé, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ kó gbogbo oògùn Màmá sínú láílọ́ọ̀nù kan lọ fún dókítà, títí kan Piriton tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń wá oorun: òun náà máa ń da ìrántí àgbà rú. Ẹ sọ fún Mọ́mì pé dókítà ní kí ẹ ní sùúrù ná.