Ẹlẹ́gùn-ún olódòdó yẹ́lò yìí, ṣé òṣùṣú ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dáhùn ọ̀rọ̀ oko. Gwagwalada níbí ni mo wà, mo ń sin àgùntàn díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Katapílà wá gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àtìgbà yẹn ni ewéko kan ti gba gbogbo ibẹ̀, ẹ̀gún lára ewé, ẹ̀gún lára igi, ewé ẹ̀ ní ìlà funfun, òdòdó ẹ̀ yẹ́lò, àwọn àgùntàn ò sì fẹnu kàn án. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà rí fọ́tò ẹ̀ lórí WhatsApp, ó ní òṣùṣú tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ẹ̀dọ̀ ni, milk thistle. Aládùúgbò mi kan ti wá ń bẹ̀ mí pé kí n já díẹ̀ fóun kóun fi ṣe àgbo. Ṣé òun náà ni? Báwo ni mo sì ṣe máa lé e kúrò?
— Alágùntàn, Gwagwalada

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oko o. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ sọ fún aládùúgbò yín pé kó sọ ìkòkò àgbo yẹn kalẹ̀ ná.

Mi ò bá ọmọ yín wí, torí ewé àwọn méjèèjì jọra lóòótọ́, àtìlà funfun àtẹ̀gún etí ewé. Òdòdó ló máa tú àṣírí. Mọ̀lẹ́bí ewúro àti yánrin ni òṣùṣú, òdòdó ẹ̀ kì í là bẹẹrẹ, fọ́nrán tín-ín-rín tín-ín-rín ló kóra jọ sórí kan, àwọ̀ àlùkò sì ni ti milk thistle, tó bá gbó, irúgbìn ẹ̀ á ní irun funfun tí atẹ́gùn ń gbé kiri bẹ́ ẹ ṣe ń rí i lára yánrin. Tiyín yẹ́lò. Ẹ ka ewé òdòdó ẹ̀, mẹ́fà lẹ máa bá lọ́pọ̀ ìgbà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà tísù. Ẹ wá fi nǹkan bọwọ́, kẹ́ ẹ ṣẹ́ igi ẹ̀, tómi yẹ́lò bá jáde, ọ̀rọ̀ parí, Argemone mexicana ni, ará Mẹ́síkò, mọ̀lẹ́bí ewé tí wọ́n ń rí ọ̀píọ̀mù lára ẹ̀. Milk thistle ò ní irú omi bẹ́ẹ̀. (Kì í ṣe dágunró o, ìyẹn ni èso ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ irun ẹran, kì í sì í ṣe tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, tẹ́gùn-ún ẹ̀ wà ní oríkèé igi, tí ewé ẹ̀ ń dán.)

Èso ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀gún wà lára ẹ̀, ẹnu ẹ̀ máa ń là lókè, hóró dúdú kéékèèké bíi músítádì ló wà nínú ẹ̀, májèlé tí wọ́n ń pè ní sanguinarine sì wà nínú hóró yẹn. Ní Delhi, ní Íńdíà, lọ́dún 1998, òróró rẹ̀ ló wọnú òróró músítádì táwọn èèyàn fi ń dáná, ẹsẹ̀ wọn ń wú, ọkàn ń dáṣẹ́ sílẹ̀, ó lé ní 60 èèyàn tó kú. Ta ló wá fẹ́ fi irú ẹ̀ wo ẹ̀dọ̀? Kí aládùúgbò yín lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ní ọsibítù jàre.

Bó ṣe gba ilẹ̀ yín ò ṣòro mọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti hú síta ló fẹ́ràn, àwọn àgùntàn yín sì ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n ń jẹ koríko tó yí i ká, wọ́n ń fi òun sílẹ̀, ààyè wá gbà á. Ẹ fi ọkọ́ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó tanná. Èyí tó bá ti so, ẹ rọra kó o sínú àpò kí hóró má dà sílẹ̀, ẹ má dà á sórí ààtàn, torí hóró ẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fọ́dún mélòó kan kó tó hù. Tẹ́ ẹ bá ń gé koríko gbẹ fún ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ṣà á kúrò dáadáa, ní tútù ẹran máa yẹra fún un, àmọ́ tó bá ti gbẹ tó rún mọ́ koríko, wọn ò ní lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ wá gbin koríko síbẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì da àwọn àgùntàn síbẹ̀ títí koríko náà fi máa múlẹ̀. Ní ti oògùn apakoríko, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ò nílò ẹ̀, ọkọ́ tó.