Rédíò tí kò sí nínú CHIRP: gbọ́ ohun tó ń sọ kó o tó kọ kóòdù

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní rédíò àfọwọ́mú (walkie-talkie) Ṣáínà kan lo rà níbí ní Òṣogbo, kò sí nínú CHIRP, ìyẹn sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí a fi ń to channel sínú rédíò láti orí kọ̀ǹpútà, o wá ń bi wá pé ṣé kó o kàn da fáìlì uv5r.py kọ (driver, ìyẹn kóòdù tí CHIRP fi ń bá rédíò Baofeng UV-5R sọ̀rọ̀) kó o yí orúkọ inú ẹ̀ padà. Àwọn tó ti dá ẹ lóhùn ní kó o ṣe é bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́ má tíì ṣe é. Mo ti bá irú rédíò yẹn wọ̀yá ìjà, àwọn tó yẹ kó ràn mí lọ́wọ́ ló tún ń dá kún ìyà mi, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tí mo bá rí i tí wọ́n ń fi ẹnu lásán gba èèyàn nímọ̀ràn.

Kéébù tí a fi ń so rédíò mọ́ USB kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Ẹni tó tà á fún mi búra pé orígínà ni. Irọ́ ni. Ayédèrú PL2303, ìyẹn chip inú kéébù, ló wà nínú ẹ̀, driver tuntun ti Windows kì í sì í gba irú ẹ̀, Code 10 ló máa kọ síbẹ̀, ó parí. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún fóònù ṣe lápá Old Garage, kò tiẹ̀ ki kéébù yẹn bọ kọ̀ǹpútà kankan, ó ní IC rédíò ti kú, kí n mówó wá. IC wo? Rédíò tó ń gbọ́ tó sì ń sọ̀rọ̀! Mo wá ra kéébù míì tó ní chip CH340, mo fi í sára kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu 22.04 (irú Linux kan), /dev/ttyUSB0, ìyẹn orúkọ tí Linux fún kéébù yẹn, á yọjú ní ìṣẹ́jú kan, á tún pòórá. Brltty ló ń já a gbà, ìyẹn ètò kan tó wà fún ẹ̀rọ tí àwọn afọ́jú fi ń kàwé, torí nọ́ńbà USB tí CH340 ń lò, 1a86:7523, wà lára àwọn tó mọ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó nílò ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ, yọ ọ́ kúrò. Fi orúkọ rẹ sínú dialout, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí Linux gbà láyè láti lo irú kéébù yẹn, jáde, kó o tún wọlé. Kó o sì tẹ orí kéébù wọ inú rédíò dé ìdí, torí ike ara rédíò míì kì í jẹ́ kó wọlé tán, wà á sì máa rò pé kóòdù ló fà á.

Mo kọ̀wé sáwọn tó ṣe rédíò yẹn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ fún mi bó ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fèsì, wọ́n ní kí n lo sọ́fítíwíà tiwọn, tó jẹ́ Windows nìkan, tí ìdajì ẹ̀ sì jẹ́ èdè Ṣáínà. Ó dáa náà, sọ́fítíwíà yẹn gan-an la máa fi mú wọn. Gbé e sínú VirtualBox, tó ń jẹ́ kí Windows ṣiṣẹ́ nínú Linux, fún un ní USB rédíò, kó o ṣí usbmon, tó ń jẹ́ kí Linux rí ohun tó ń gba USB kọjá, kó o wá fi Wireshark máa gbọ́ ohun tí sọ́fítíwíà àti rédíò ń bára wọn sọ. Tẹ Read nínú sọ́fítíwíà wọn, kó o wo báìtì tó kọ́kọ́ jáde. Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

UV-5R tó o fẹ́ dà kọ, 9600 baud ló ń lò, ìyẹn bó ṣe ń yára sọ̀rọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ fi báìtì 7 kan ilẹ̀kùn, fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, 50 BB FF 20 12 07 25 ni. Rédíò á dáhùn 06. Kọ̀ǹpútà á ní 02, rédíò á wá sọ irú ẹni tó jẹ́, ìyẹn ident, báìtì 8 lọ́pọ̀ ìgbà. Kọ̀ǹpútà á dáhùn 06, rédíò náà á fi 06 gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni kíkà bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà S, àdírẹ́sì àti iye tó fẹ́ kà, báìtì 64 lẹ́ẹ̀kan, X ni rédíò fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn tiẹ̀. Tó bá di kíkọ padà, báìtì 16 ni. Ohun tó mú mi sunkún nínú ẹ̀ ni pé rédíò tèmi ò ka báìtì 7 yẹn sí rárá. Ó dákẹ́ fọ́ọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú group ní kí n yí baud padà, mo yí i kiri, kò sí nǹkan kan. Kò sì sẹ́ni tó ṣí uv5r.py yẹn kó kà á, torí ó wà nínú ẹ̀ kedere: báìtì yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdúró díẹ̀ láàárín, tí rédíò ò bá sì dá ọ kan lóhùn, wà á sinmi ìṣẹ́jú àáyá 2 kó o tó fi òmíràn dánwò. Tí o ò bá sinmi, èyí tó tọ́ gan-an náà á dà bí èyí tí kò tọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju rédíò yẹn sí odò Ọ̀ṣun kí n tó rí i kà. Ìgbà tí Wireshark fi báìtì tiẹ̀ hàn mí lojú mi tó là.

Tí ohun tó o rí bá wá dà bí ariwo lásán, tí báìtì ò nítumọ̀, fura sí XOR, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi báìtì kan pa òmíràn lára dà kó má ṣeé kà. Rédíò Quansheng UV-K5 ń ṣe bẹ́ẹ̀, 38400 baud, báìtì 16 kan ló fi ń da gbogbo ohun tó bá ń sọ rú.

Ohun míì tó o gbọ́dọ̀ gbọ́: image àkọ́kọ́ tó o bá kà jáde, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú memory rédíò, kó tó di pé o kọ nǹkan kan sínú rédíò, tọ́jú ẹ̀ síbi méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Alẹ́kúwódò, ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní engineer ní kó fi tipátipá kó image rédíò míì sínú tiẹ̀. Rédíò yẹn dití títí dòní. Ilé iṣẹ́ ti wọn rédíò kọ̀ọ̀kan kó tó jáde, ìwọ̀n yẹn wà nínú memory ẹ̀, ti ẹnìkan ò sì bá ti ẹlòmíì mu. Wo driver UV-K5, báìtì 0x2000 ló ń kà, àmọ́ 0x1D00 nìkan ló ń kọ padà bí o ò bá ní kó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìyẹn ni.

Má sì tẹ PTT, bọ́tìnì tá a fi ń sọ̀rọ̀ jáde, tí o ò bá tíì gba 5N rẹ o, ìyẹn ìwé àṣẹ àti orúkọ ìpè rédíò ti Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé ọ́fíìsì ń dáni lóró, wọ́n bi èmi náà bíi pé olè ni mí, ẹni tó ń bi mí ò sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín rédíò àfọwọ́mú àti ti tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀ gbà á. 144 sí 146 MHz lo dúró sí ní band 2 mita, torí rédíò wọ̀nyí máa ń dé ibi tí kò yẹ kí wọ́n dé, wàhálà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹn, ìbéèrè rẹ. Fi 145.500 sí channel 1, kà á, wá a nínú image. Tó o bá rí 00 00 55 14 (145.500 náà ni, ẹ̀yìn ni wọ́n ti kọ ọ́ wá), tó o fi tone 88.5 sí i, ìyẹn ohùn kékeré tó ń ṣí rédíò kejì, tó o sì rí 75 03 (885 ní hex, láti ẹ̀yìn wá), tí bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn náà sì jọ, àbúrò UV-5R ni. Má da gbogbo fáìlì kọ nígbà yẹn, kàn ṣe class kékeré kan lábẹ́ ẹ̀ tó ní báìtì àti ident tiẹ̀. Tí kò bá jọ, template.py, àpẹẹrẹ driver tó wà nínú chirp/drivers, ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. get_memory tó ń ka channel, set_memory tó ń kọ ọ́, ìyẹn ò le, Python díẹ̀ ni. Fi image sínú tests/images, sá test, gbé e lọ sí GitHub Dan Smith tó dá CHIRP sílẹ̀, ìyẹn kk7ds/chirp. Àtọdún 2008 ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, GPL ni, o lè ka gbogbo ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó o tó kọ ìlà kan, gbé báìtì tí sọ́fítíwíà wọn fi kan ilẹ̀kùn síbí àti ident tí rédíò fi dáhùn, màá bá ẹ wò ó.