Ṣé "a university" ni àbí "an university"?

"A university" ló tọ̀nà. Ẹni tó ń kàwé ní LAUTECH yóò kọ pé: "I attend a university in Ogbomoso." Ìró tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu la máa ń wò, kì í ṣe lẹ́tà tójú rí: fáwẹ̀lì ń gba an, kọ́ńsónáǹtì ń gba a. Lóòótọ́, u ló bẹ̀rẹ̀ university, ṣùgbọ́n "yu" ló ń dún, bí a ṣe ń pe yunifásítì gan-an. Bákan náà ni a uniform àti a European.

H kì í dún nínú hour, honest, honour àti heir, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ an hour. Ti house àti hospital ń dún ketekete. Ẹni tó bá ń gbé h mì tó bá ń sọ̀rọ̀ ló máa ń kọ an house, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ dáadáa.

Ìkékúrú ló ń da àwọn tó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ láàmú jù. Ẹ kọ́kọ́ pè é sókè: an NYSC certificate, torí "en" ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ a NECO result, torí a máa ń pe NECO pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ni. An MSc degree, a UTME score.