Hẹ́dífóònù Sennheiser mi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù, ṣé áńpù wátì méjì ni mo máa rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o. Kubwa ni mò ń gbé, ó ku ọdún kan àtààbọ̀ kí n fẹ̀yìntì. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi hẹ́dífóònù Sennheiser HD 650 ránṣẹ́ sí mi torí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn àpàlà àti sákárà àtijọ́, gbogbo ẹ̀ ló sì wà lórí fóònù mi. Àmọ́ tí mo bá ki hẹ́dífóònù yìí bọ fóònù, kódà kí n gbé fólíùmù dé òpin, ṣe ló kàn ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èyí tí mo rà ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀ ń pariwo jù ú lọ. Mo lọ sí Wuse, ọmọkùnrin kan tó ń tajà níbẹ̀ ní kí n ra áńpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè) wátì méjì, pé ohun tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àsán ni. Ẹlòmíì ní àfi èyí tó ń lo tube, ìyẹn gíláàsì bíi gílóòbù tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Ọmọ mi náà ní òun lè ra tòkunbọ̀ lọ́hùn-ún kóun fi ránṣẹ́. Áńpù spíkà àtijọ́ kan tún wà nílé tó ní ihò hẹ́dífóònù níwájú. Èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo ẹ̀? Ìńfátà là ń lò jù nílé wa o.

ÌDÁHÙN: Ẹ káàsán sà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yìí ò fi hàn pé hẹ́dífóònù yẹn bàjẹ́, bí HD 650 ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá so ó mọ́ fóònù lásán. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ san owó wátì méjì yẹn, torí kì í ṣe wátì ni ebi ń pa á.

Ẹ̀rọ ohùn ni mò ń tún ṣe ní Abuja níbí, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti ilé, ohun tí mo sì máa ń rí ni pé àwọn èèyàn wa ń ra áńpù hẹ́dífóònù bí ìgbà tí wọ́n ń ra jẹnẹrétọ̀, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bá tóbi jù ni wọ́n á nawọ́ sí. Wátì tí wọ́n kọ sára páálí yẹn, óòmù mélòó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Wátì méjì tí wọ́n wọ̀n lórí 32 óòmù á di bíi mílíwátì 213 péré (ẹgbẹ̀rún mílíwátì ló wà nínú wátì kan) tẹ́ ẹ bá gbé áńpù kan náà wá sórí hẹ́dífóònù 300 óòmù bíi tiyín. Ẹni tó ń tajà ò ní sọ ìyẹn fún yín, bóyá òun náà ò sì mọ̀.

Ẹ wo táǹkì omi tí a gbé sórí irin ní àdúgbò yín. Bí táǹkì bá ṣe ga tó lomi ṣe máa fi agbára sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn ni fóòtì (volt). Bí omi tó ń jáde ṣe pọ̀ tó, ìyẹn ni kọ́rẹ́ǹtì. Óòmù wá ni bí páìpù ṣe tín-ín-rín tó. Páìpù HD 650 tín-ín-rín gan-an, 300 óòmù, torí náà ó fẹ́ kí táǹkì ga ṣùgbọ́n omi tó máa mu ò tó nǹkan. Fóònù ní tiẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni táǹkì ẹ̀ wà. Hẹ́dífóònù bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù yẹn, 16 tàbí 32 óòmù ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, páìpù wọn fẹ̀, ìwọ̀nba agbára tí fóònù ní tó wọn ni wọ́n ṣe ń pariwo ju Sennheiser yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i torí nọ́ńbà ló máa gbà yín lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Sennheiser fúnra wọn kọ ọ́ pé 1 fóòtì máa mú HD 650 dún dé 103 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe pọ̀ tó). Orin kì í dún lójú kan, ìlù máa ń bú sókè lójijì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èmi sì máa ń fẹ́ kí áńpù ní àyè láti gbé ìbúsókè yẹn dé bíi 110 dB kí ohùn má já. Láti 103 dé 110, 2.24 fóòtì ló máa gbà. Tẹ́ ẹ bá sọ 2.24 di ìlọ́po ara ẹ̀, tẹ́ ẹ wá fi 300 pín in, ẹ máa rí mílíwátì bíi 17. Mílíwátì mẹ́tàdínlógún péré sà, nígbà tó jẹ́ pé wátì méjì jẹ́ mílíwátì ẹgbẹ̀rún méjì. Kọ́rẹ́ǹtì tó máa fà ò tó mílíáńpù 8 (ìwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì ni mílíáńpù o, kì í ṣe áńpù tẹ́ ẹ fẹ́ rà).

Ọ̀pọ̀ fóònù ò gbé tó 1 fóòtì jáde nínú ihò hẹ́dífóònù wọn, púpọ̀ nínú àwọn àwo àtijọ́ yẹn náà ò sì pariwo bí orin ìsinsìnyí tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ra títí ohun gbogbo fi dọ́gba. Ẹ fi àìga fóònù kún ìrẹ̀lẹ̀ àwo, ìyẹn ló fà á tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kí n má tan yín, àwọn hẹ́dífóònù kan wà tí wátì méjì yẹn bá mu lóòótọ́. Ẹnì kan ní Gwarinpa gbé Hifiman HE-6 wá bá mi, 50 óòmù, mílíwátì kan ò sì mú un ju 83.5 dB lọ. Kó tó dé 110 dB á gba mílíwátì bíi 450, fóòtì bíi 4.7, kọ́rẹ́ǹtì ẹ̀ á fẹ́ẹ̀ tó mílíáńpù 95, ìyẹn ju ìlọ́po méjìlá ti yín lọ. Irú ìyẹn la fi ń wá áńpù alágbára, tẹ́ ẹ bá fún un ní nǹkan kékeré, báàsì ẹ̀ á gbẹ, ohùn á máa fọ́. Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé gbogbo hẹ́dífóònù olówó ńlá ló ń fẹ́ áńpù ńlá, ẹ bi í pé óòmù ẹ̀ mélòó, dB ẹ̀ mélòó. Àwọn hẹ́dífóònù Stax ti Japan tiẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá, wọn ò ṣeé so mọ́ áńpù hẹ́dífóònù tí gbogbo ayé ń lò rárá, wọ́n ní ẹ̀rọ tiwọn.

Ó wá kan áńpù àtijọ́ tó wà nílé, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi ni yín, torí ọ̀fẹ́ ni. Nínú púpọ̀ nínú àwọn áńpù spíkà àtijọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú ohùn tó ń lọ sí spíkà, wọ́n á ki résítọ̀ kan (ohun tó máa ń dín agbára iná kù) sí i lọ́nà, wọ́n á wá gbé e jáde sí ihò iwájú yẹn. Fóòtì máa wà níbẹ̀ dáadáa fún HD 650. Wàhálà kan tó wà níbẹ̀ ni pé résítọ̀ yẹn lè tó 100 óòmù, ó lè tó 300 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, 300 óòmù tí wọ́n sì kọ fún HD 650 kì í dúró sójú kan, tó bá dé apá báàsì ó máa ń gòkè sún mọ́ 500. Ibi tí óòmù bá ti gòkè lohùn á ti pọ̀ díẹ̀ sí i. Tí résítọ̀ ọ̀hún bá jẹ́ 120 óòmù, báàsì á fi bíi 1 dB lé, tó bá jẹ́ 330, á fi bíi 2 dB lé.

Kí lẹ máa gbọ́? Ẹ gbé àpàlà sí i, kẹ́ ẹ fetí sí agídìgbo. Lórí áńpù tí résítọ̀ ẹnu ẹ̀ kéré, ẹ máa gbọ́ ìgbà tí àtàǹpàkò já kúrò lára irin, ẹ ó gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni pákó á wá dáhùn, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lórí áńpù tí résítọ̀ ẹ̀ pọ̀, ìdáhùn pákó yẹn á wú díẹ̀, á fẹ́ bo ìjá irin mọ́lẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, ó máa ń mú ohùn móoru, èmi náà kì í bá wọn jà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá gbé sákárà sí i, ẹ gbọ́ gòjé, tó jọ gòge àwọn Hausa tí à ń gbọ́ níbí, bí irun ẹṣin ṣe ń ha okùn kí ohùn gan-an tó jáde, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ híhà yẹn kedere, ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí fi máa ń sọ pé kí óòmù ẹnu áńpù, ìyẹn ti ihò tó ń gbé ohùn jáde, má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ óòmù hẹ́dífóònù lọ. Fún tiyín, 37 óòmù ni; ti áńpù ilé yẹn lè jù ú lọ, àmọ́ báàsì tó lé díẹ̀ tí mo sọ lókè náà lẹ máa gbọ́. Fún hẹ́dífóònù 32 óòmù, 4 péré, áńpù àtijọ́ yẹn ò ní bá a mu, ẹ má ki ti ọmọ ọmọ yín bọ ibẹ̀.

Tí ti ilé ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí ẹ fẹ́ máa gbọ́ orin lórí bẹ́ẹ̀dì láì dìde, ẹ wá DAC kékeré (ẹ̀rọ tó ń sọ orin inú fóònù di ohùn fún hẹ́dífóònù) tí ò ju ìka lọ, èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò USB-C fóònù. Ẹ má béèrè wátì lọ́wọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ fóòtì sí hàn yín, kó tó 2 fóòtì. 2 fóòtì máa gbé HD 650 dé 109 dB, ó ku díẹ̀ tíńtín kó pé ohun tí mo sọ lókè, ó tó. Èyí tí Apple ń tà ní Amẹ́ríkà ń gbé bíi 1 fóòtì, ti Yúróòpù ò tó bẹ́ẹ̀, àwọn fóònù Android kan ò sì ń jẹ́ kó dún dé òpin, torí náà màá fò ó. Nǹkan kékeré yìí, bátìrì fóònù ló ń jẹ, kò kàn án bóyá wọ́n mú iná lọ tàbí wọn ò mú un lọ.

Ẹni tó ní àfi tube, kò purọ́ tán. Àwọn áńpù tube tí ò ní tíránsfọ́mà lẹ́nu, óòmù ẹnu wọn máa ń ga, wọ́n sì bá hẹ́dífóònù 300 àti 600 óòmù mu dáadáa. Mo fẹ́ràn ohùn wọn. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ń jẹ pọ̀ ju iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ, wọ́n máa ń gbóná kankan, ẹ sì mọ bí Abuja ṣe máa ń rí ní oṣù kẹta, lórí ìńfátà mi ò lè sọ pé kẹ́ ẹ ra irú ẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín ni tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Iná wọn lọ́hùn-ún 120 fóòtì ni, tiwa níbí 230, ìńfátà yín náà 230 ló ń gbé jáde. Ádáptọ̀ fóònù àti ti kọ̀ǹpútà ti sọ wá di ẹni tí kì í wo ìdí ádáptọ̀ mọ́ torí wọ́n ń gba gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn áńpù hẹ́dífóònù kan tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà máa ń lo ádáptọ̀ dúdú kan tó wúwo bí òkúta, tíránsfọ́mà gidi ló wà nínú ẹ̀, 120 nìkan ló mọ̀. Mo jó ọ̀kan rí. Oníbàárà gbé e wá pé kí n kàn gbọ́ ọ wò, mi ò yí ìdí ẹ̀ padà, mo tì í bọ ihò iná ara ògiri, ó kùn "ùùùn" fún bí ìṣẹ́jú díẹ̀, òórùn bí ẹní ń sun rọ́bà gba inú ṣọ́ọ̀bù, ó parí. Èmi ni mo sanwó ẹ̀, ó sì tọ́ kí n san án. Ẹ wo sítíkà ìdí ẹ̀: tó bá jẹ́ INPUT AC 120V 60Hz, ẹ ò gbọ́dọ̀ kì í bọ iná wa láìsí sítẹ́ẹ̀pù-dáùn, ìyẹn tíránsfọ́mà tó ń sọ 230 di 120. Tó bá jẹ́ 100-240V 50/60Hz, ẹ máa lò ó lọ. Ẹ sì tún wo OUTPUT, tí wọ́n bá kọ AC síbẹ̀, bíi 15V AC, ẹ má lọ ra ádáptọ̀ DC lọ́jà fi rọ́pò ẹ̀ torí pé ẹnu wọn jọra.

Lórí ìńfátà, àwọn tó rọ̀ lówó tí iná wọn kì í lọ gẹ̀rẹ̀ bíi ti ògiri máa ń jẹ́ kí áńpù oní-tíránsfọ́mà kùn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń kùn, ẹ má tíì bú áńpù, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá mú iná wá kẹ́ ẹ tún gbọ́ ọ.

Sà, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan bí ọmọ yín. Tí áńpù bá ti bá HD 650 mu, ó máa ń dùn débi téèyàn ò ní mọ̀gbà tó ń gbé e sókè, torí pé kì í fọ́, kì í ha etí. Àjọ ìlera àgbáyé ní 80 dB ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá fi 3 dB lé, wákàtí yẹn á gé sí ìdajì. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ ṣì lè gbọ́ ẹni tó bá pè yín láti pálọ̀, HD 650 ò di etí pa, ẹ lè gbọ́ ọ.

Ní alẹ́ òní, ẹ yí fólíùmù áńpù ilé yẹn sí òdo, ẹ yọ ẹnu kékeré kúrò lára wáyà hẹ́dífóònù, ẹnu ńlá 6.3 mm tó wà lábẹ́ ẹ̀ á wọ ihò iwájú yẹn gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ọmọ yín pé tó bá ti rí áńpù kan tójú ẹ̀ wọ̀ lọ́hùn-ún, kó tó sanwó, kó dojú ádáptọ̀ délẹ̀, kó ya fọ́tò sítíkà ẹ̀, ẹ fi ṣọwọ́ sí mi.