Ẹ kọ ti ẹni tó máa kúrò sínú ìwé kí ẹ tó ra ilẹ̀

Ẹni tó bèèrè bóyá káwọn mẹ́wàá tí wọ́n jọ ń dá àjọ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, para pọ̀ ra ilẹ̀ ní Mọ́níyà, kí wọ́n sì jọ kọ́lé síbẹ̀: ẹ ṣe é. Àwa ṣe é lọ́nà Ìdó, inú ilé náà ni mo wà báyìí.

Ó dínwó lóòótọ́. Éékà ilẹ̀ lódidi kì í wọ́n tó kéèyàn máa rà á ní plọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Sọ̀fíyọ̀ kan, kànga kan. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la bá wọn dúnàádúrà owó fáńdéṣọ̀n àti owó ìkanlé. Ẹni tó bá dá lọ bá wọn, ojú ẹ̀ á rí nǹkan.

Yẹ̀pẹ̀ pupa tá a gbẹ́ jáde nínú ihò ṣalángá la fi ṣe búlọ́ọ̀kù (kì í ṣe ilẹ̀dú òkè o), garawa sìmẹ́ǹtì kan sí yẹ̀pẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ká wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Omi ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bu èyí tí wọ́n ti pò, ẹ fún un mọ́wọ́ kó dì, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó já bọ́ láti èjìká. Tó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Tó bá fọ́ yángá, omi ò tó. Tó bá balẹ̀ tí kò fọ́, omi ti pọ̀ jù. Bíríkìlà tó bá ní òun ò nílò ìyẹn, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Àmọ́ owó tàbí búlọ́ọ̀kù kọ́ ló fẹ́ tú wa ká. Ẹnì kan nínú wa rí físà Kánádà gbà. Ó ní ká dá owó òun padà, iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́wọ́lọ́wọ́ lòun sì máa gbà. Ká tó yanjú ìyẹn, ẹlòmíràn kú, làwọn ọmọ ẹ̀ bá mú ẹni tá ò mọ̀ rí wá pé òun lòun fẹ́ rà á.

Ìwé tí lọ́yà kọ fún wa ló gbà wá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tá a ti fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ló ni ilẹ̀. Ẹni tó kọ́lé ló ni ilé. Ẹni tó bá ń lọ, ẹgbẹ́ ló máa tà fún, owó tó dá àti èyí tó ná sórí ilé ló máa gbà, pẹ̀lú èlé tá a ti fẹnu kò sí. Ọmọ olóògbé lè máa gbé ilé bàbá wọn, wọn ò kàn lè tà á síta. Ọdún 1969 làwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Georgia, Amẹ́ríkà, dá irú ètò yìí sílẹ̀. Agboolé àwa Yorùbá náà ò jìnnà sí i, àfi pé ti agboolé kì í sí nínú ìwé, ìdí nìyẹn tí kóòtù fi kún.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé sọ́fè ilẹ̀ náà lọ sí Sẹkitéríátì l'Ágodi, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí ọkọ tàbí aya ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí lọ́yà bá kọ fún yín. Tí lọ́yà yín bá ní rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan ti tó, ẹ wá lọ́yà míì.