Àjẹ́ Ké Lánàá: Ìdáhùn Lórí Thomas Pynchon

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Ìgbógbó ni mí, mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Mo fẹ́ fi ìwé Thomas Pynchon, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo wá rí fídíò kan tó ní ńṣe ló fi ìtàn rẹ̀ tú àṣírí ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń darí ayé, pé ìdí nìyẹn tó fi ń sá pamọ́. Ẹni tó ṣe fídíò náà ní kí n san ₦15,000 kí òun kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú àwọn àmì inú ìwé náà. Ṣé òótọ́ ni? Ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ kà?

ÌDÁHÙN: Lẹ́tà kẹrin irú èyí tí mo gbà lọ́dún yìí nìyí, nítorí náà má bínú bí ohùn mi bá le. Má sanwó yẹn. N kò mọ ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́ náà, n kò sì pè é lólè o. Tíṣà lítíréṣọ̀ ni mí, n kì í ṣe lọ́yà. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọjà tó ń polówó kò sí nínú ìwé tó ní òun ti rí i.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ sísá pamọ́ kúrò nílẹ̀. Bàbá tí wọ́n bí ní 1937 ni, kò fẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò, kì í sì í bá oníròyìn jókòó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2004 ó lọ fi ohùn ara rẹ̀ sínú eré kátúùnù The Simpsons. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú àpò bébà lórí, ó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ṣé ẹni tí awo ń wá kiri ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ti ẹgbẹ́ òkùnkùn gan-an ló ká mi lára. Mú ìwé rẹ̀ ti 1966, The Crying of Lot 49. Olówó kan kú ní Kalifóníà, ó sì fi obìnrin kan, Oedipa Maas, ṣe alábòójútó ogún rẹ̀. Bí obìnrin yìí ṣe ń to dúkìá jọ ló ń rí àwòrán fèrè apínwèé ayé àtijọ́ tí wọ́n fi nǹkan dí lẹ́nu. Ó rí i lára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó rí i lára òrùka, ó rí i lára sítáǹbù. Ó wá fura pé àwọn kan ti ń pín lẹ́tà ní bòókẹ́lẹ́ tipẹ́, lẹ́yìn ìjọba. Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn, ọ̀nà mẹ́rin ló já sí. Bóyá ẹgbẹ́ náà wà lóòótọ́. Bóyá ojú òun ló ń rí ohun tí kò sí. Bóyá olóògbé ló sanwó kí wọ́n fi òun ṣeré. Bóyá orí òun ló dàrú tí òun fi ń rò pé wọ́n ń fi òun ṣeré. Níkẹyìn ó lọ jókòó síbi gbàǹjo, ó ń dúró kí wọ́n pe lọ́ọ̀tì 49, ìyẹn àwọn sítáǹbù olóògbé, kó lè rí ojú ẹni tó wá rà á.

Ìwé bá parí. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló fi í sí.

Ta ló ń tú àṣírí báyẹn? Ìfura fúnra rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń kọ̀wé lé lórí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní paranoia. Àwọn baba wa ti fi gbólóhùn kan gbé e kalẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wo bó ṣe dùn lẹ́nu tó. Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, ọkàn wa ti bá wọn so yìgì. O máa sọ pé ìfura loògùn àgbà. Pynchon náà kò jiyàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ohunkóhun so mọ́ ohunkóhun mọ́, ó ní kò ní pẹ́ kí ìyẹn náà tó sú u.

Ọmọ ìlú yìí ni ẹ́, jẹ́ n fi ilé ṣàpẹẹrẹ. O rántí Badoo, 2016 sí 2017. Àwọn apànìyàn náà wà, wọ́n ń wọlé onílé lóru, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí ọmọ èèyàn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí gbé ọmọ ọlọ kúrò lẹ́yìnkùlé wọ inú yàrá. Ní 2017 kan náà, ní Ìkòròdú yìí kan náà, àwọn èrò dá àwọn tí wọn kò mọ̀ dúró, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n lù wọ́n pa, wọ́n dáná sun wọ́n. Aláwàdà kan wà lára wọn, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí o bá lè gbé méjèèjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìju ọ̀kan nù, o ti lóye Pynchon ju oní-fídíò rẹ lọ.

Ìṣèlú rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tàn yín jù. Àwọn tó ń bá jà kò fi orúkọ pamọ́. Orúkọ wọn wà lára páálí ọjà. Nínú Gravity's Rainbow, ti 1973, gílóòbù kan wà tó ń jẹ́ Byron, kì í kú, àwọn àjọ tí wọ́n ń pè ní Phoebus sì ń wá bí wọn yóò ṣe yọ ọ́ kúrò níbi tó ti ń tàn. Àròsọ ni Byron. Phoebus kì í ṣe àròsọ. Ní 1924, ní Geneva, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gílóòbù, Osram ti Jámánì àti Philips ti Netherlands wà lára wọn, ṣe àdéhùn tí wọ́n fi fa ọjọ́ orí gílóòbù wálẹ̀ sí wákàtí 1,000, ẹni tí tirẹ̀ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò san owó ìtanràn. Àdéhùn tí wọ́n kọ sórí ìwé ni.

Tún wo V., ti 1963, níbi tó ti dárúkọ ohun tí Jámánì ṣe fún àwọn Herero ní ilẹ̀ tó di Namibia lónìí. Ní 1904 ọ̀gágun Lothar von Trotha pàṣẹ kí wọ́n pa wọ́n run. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin wá ń wá àmì òkùnkùn kiri nígbà tí ìwé àṣẹ wà nílẹ̀! Pynchon fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nínú ìwé ti 1973 pé bí wọ́n bá ti lè mú ọ béèrè ohun tí kò yẹ ní bíbéèrè, ìdáhùn kò ní dà wọ́n láàmú.

Àwọn ìyókù, ní kúkúrú. Postmodern ni wọ́n ń pe irú òǹkọ̀wé tí kò gbà pé ìtàn kan ṣoṣo lè ká gbogbo ayé mọ́. Pynchon gba ọ̀rọ̀ "àyànfẹ́" lọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, ìyẹn àwọn Kristẹni tó gbà pé Ọlọ́run ti yan àwọn tí yóò gbà là sílẹ̀, ó sì lọ dúró ti àwọn tí wọ́n ní Ọlọ́run ré kọjá. Ó jọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, torí baba ńlá rẹ̀, William Pynchon, kọ ìwé ẹ̀sìn kan ní 1650, wọ́n sì dáná sun ìwé náà ní Boston. Ti entropy, ọ̀rọ̀ físíìsì nípa bí nǹkan ṣe ń tú ká di rúdurùdu, lọ bi olùkọ́ físíìsì rẹ kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa rẹ̀.

Ti 1966 ni kí o kọ́kọ́ kà. Kò nípọn, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ti 1973 lé ní ojú-ìwé 700, má gbé e lé orí iṣẹ́ àṣekágbá. Alábòójútó iṣẹ́ rẹ ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn o. Bó bá ní rárá, má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Bí oní-fídíò bá sì tún pè ọ́ nípa owó rẹ̀, ní kó kọ́kọ́ sọ fún ọ, ní ọ̀fẹ́, ẹni tó ra lọ́ọ̀tì 49.