Òjìjí inú pọ́ńdì àrọ̀: ojú mi rí màbo

Àbúrò tó ń bèèrè pé òun rí òjìjí kékeré kan (ẹja tó ń gbé èèyàn bí iná) rà, ṣé kóun jù ú sí pọ́ńdì àrọ̀ òun kí wọ́n jọ máa dàgbà, jọ̀ọ́ má dán an wò. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ rà á ni tèmi. Mo lọ sí Aṣéjìrè ní 2019, mo ra ẹja odò wẹ́wẹ́ bàsíà kan lọ́wọ́ apẹja, ó ní àrọ̀ ni gbogbo ẹ̀, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo kàn gbé e wálé ní Ọ̀jọ́ọ̀ mo dà á sí pọ́ńdì ẹ̀yìnkùlé wa, èpìyà díẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó yá èpìyà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Mo ní ẹyẹ ni, mo ní olè ni, kódà mo ti ń fojú burúkú wo ọmọ tó ń bá mi fún wọn lóúnjẹ (kó foríjì mí). Àṣé òjìjí ni, tó bá di ọ̀sán á sá sábẹ́ páìpù bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan, tílẹ̀ bá ti ṣú ó di ọdẹ.

Ọjọ́ tá a fẹ́ kó ẹja, mo bọ́ sínú omi dé orúnkún, mo kiwọ́ bọ abẹ́ páìpù yẹn, haà! Apá mi méjèèjì kú dé èjìká, mo jókòó gbà sínú omi. Mo rò pé wáyà páńpù ló já sómi, mo ń pariwo ẹ pa iná, ẹ pa iná, ìyàwó mi ní iná wo, ṣé wọ́n mú iná wá látàárọ̀ ni?

Iná tara ẹ̀ ni o. Abẹ́ awọ ẹ̀ ló ti ń wá, ó lè tó 350 volt, bẹ́ẹ̀ iná ilé wa ò ju 220 sí 240 lọ, ohun tó kó mi yọ ni pé kì í pẹ́ rárá, bó ṣe gbé ọ ló ti jù ọ́ sílẹ̀. Òun náà ló fi ń mú kí ẹja kéékèèké dákú kó tó gbé wọn mì.

Wo ẹja odò dáadáa kó o tó dà á sómi. Àrọ̀ ní lẹbẹ gígùn lẹ́yìn láti ọrùn dé ìtòsí ìrù, òjìjí ò ní in, kékeré kan péré ló wà nítòsí ìrù ẹ̀, ó sanra bíi sọ́séèjì, àmì dúdú dúdú wà lára ẹ̀. Irùngbọ̀n àrọ̀ mẹ́jọ, tiẹ̀ mẹ́fà.

Tó bá ti wọlé, fa omi kúrò, fi abọ́ rọ́bà gbọ́n ọn. Má lo àwọ̀n tọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́ irin o, mo lò ó, iná tún gbé mi lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá sì wù ọ́ láti sìn ín, fún un ní táǹkì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Tèmi, ata la fi sè é. Ìyàwó mi ò fẹnu kàn án, ó ní òun ò jẹ ẹja tó ní mítà.